Ibùdó Ìràpadà: Láti Ẹ̀búté-Mẹ́ta Títí Dé Floyd

Ẹni tó bá fi Dallas sílẹ̀, tó dorí kọ àríwá-ìlà-oòrùn, tó sì já sí ojú ọ̀nà márosẹ̀ 380 tó lọ sí Greenville, lè kọjá lára Floyd láìfura. Abúlé kékeré ni, ní ẹkùn Hunt, ní ìpínlẹ̀ Texas. Àwọn tó ń gbébẹ̀ kò ju igba èèyàn àti díẹ̀ lọ. Pápá màlúù ló wà lọ́tùn-ún, oko koríko ló wà lósì. Ṣùgbọ́n tó bá di oṣù kẹfà ọdún, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ abúlé yìí láti Houston, láti Chicago, láti Maryland, àní láti Kánádà pàápàá. Gèlè àti aṣọ àǹkárá á máa dán nínú oòrùn, wọ́n á máa kí ara wọn pé "ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà." Àpéjọ ọdọọdún ìjọ Rídíìmù ní Àríwá Amẹ́ríkà ti dé nìyẹn.

Ìjọ tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé kan ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta ní 1952 ló ni ilẹ̀ náà. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún éékà ni, ibẹ̀ sì ni olú-ilé iṣẹ́ wọn fún Àríwá Amẹ́ríkà wà. Ní 2013, wọ́n ṣí gbọ̀ngàn kan níbẹ̀ tó ń gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn, tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú owó tó lé ní mílíọ̀nù 15 dọ́là. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé owó ló ṣe é. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olówó ló ti kọ́ ilé ńlá tí koríko ń hù nínú rẹ̀ lónìí. Ohun tó yẹ kí á bi ara wa ni irú ètò tí ibùdó jẹ́, àti irú ìfaradà tó gbé e láti ẹ̀bá ọ̀nà Ìbàdàn dé ààrin pápá màlúù ní Texas.

Ibùdó kì í ṣe ohun àjèjì sí ìgbàgbọ́ Yorùbá. Àwọn Aládùúrà ti ń gun orí òkè lọ gbààwẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó ra ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀. Orí òkè jẹ́ ibi tí èèyàn ń lọ tó ń bọ̀. Alágbàwẹ̀ á gbé ẹní àti omi rẹ̀ dání, á ṣe ọjọ́ mẹ́ta tàbí méje, á sì padà sílé. Ìgbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni nǹkan yí padà. Ilẹ̀ tó wà nínú igbó tẹ́lẹ̀ wá di ibi tí mọ́tò lè dé láti Èkó láàárín wákàtí kan. Lónìí, Deeper Life wà lójú ọ̀nà náà, Mountain of Fire náà wà níbẹ̀, NASFAT tí í ṣe ẹgbẹ́ Mùsùlùmí náà sì ní ibùdó tirẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí gbogbo wọn ń wò kọ́ṣe ni ti Rídíìmù, ní kìlómítà 46, nítòsí Mòwé.

Kí á tó dé orí ilẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí á sọ ti ẹni tí kò fojú rí i rárá. Oǹdó ni wọ́n bí Josiah Akíndayọ̀mí sí ní 1909, nínú ilé tí wọ́n ti ń bọ Ògún. Ó ṣèrìbọmi nílé ìjọ C.M.S. ní 1927, ó wọ ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ní 1931, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1952. Àwọn èèyàn díẹ̀ ló kọ́kọ́ kó jọ sí ojúlé kẹsàn-án, òpópónà Willoughby, ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, fún àdúrà. Ẹgbẹ́ Ògo Olúwa ni wọ́n ń pe ara wọn. Bàbá Akíndayọ̀mí kò kàwé. Ìtàn tí ìjọ náà ń sọ nípa orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ni pé Bàbá rí i nínú ìran, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó ní lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ kò lè kà, ó sì dà á kọ bó ṣe rí i.

Nígbà tó fi máa kú ní oṣù kọkànlá 1980, ẹ̀ka ìjọ náà kò ju nǹkan bí ogójì lọ. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n rèé, ogójì ẹ̀ka rèé. Lójú àwa ará òde òní tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan yọrí láàárín oṣù mẹ́ta, kò tó nǹkan. Èrò mi ni pé iṣẹ́ tí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n yẹn ṣe kò hàn nínú iye ẹ̀ka. Ó hàn nínú ẹni tí Bàbá rí kó tó lọ.

Ní 1973, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Yunifásítì Èkó dara pọ̀ mọ́ wọn. Enoch Adéjàre Adébóyè ni, ọmọ Ìfẹ́wàrà, tí wọ́n bí ní 1942 sínú òṣì. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọ́ nínú ìwàásù pé òun ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún kí òun tó ní bàtà àkọ́kọ́. Ní 1975 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò. Iṣẹ́ tí Bàbá gbé lé e lọ́wọ́ nínú ìjọ ni ògbufọ̀: bí Bàbá bá ti wàásù ní Yorùbá, òun á yí i sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fojú inú wò ó. Ọ̀mọ̀wé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà tí kò mọ̀wé, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ ohun tí Bàbá sọ, kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó kàwé kò ní gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan. Àwọn àgbà tó ti wà nínú ìjọ ṣáájú rẹ̀ pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pé àwọn ló kàn. Lẹ́yìn ikú Bàbá ni wọ́n ka ìwé tó fi sílẹ̀, tí wọ́n ti lẹ̀ pa. Orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló wà nínú rẹ̀. Inú àwọn kan kò dùn. Ní oṣù kìíní 1981 ó di Alábòójútó Àgbà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1983, wọ́n ra ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà. Hẹ́kítà mẹ́rin àti díẹ̀ ni. Igbó kìjikìji ni ibẹ̀ nígbà yẹn, adigunjalè ń lúgọ síbẹ̀, ejò sì pọ̀. Ní 1984 Adébóyè fi iṣẹ́ olùkọ́ tó ti wá ń ṣe ní Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀, ó dojú kọ iṣẹ́ ìjọ pátápátá. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: wọ́n ra èyí, wọ́n ra tẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń rà á nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ ẹ. Nígbà tí àwọn tó ń ta ilẹ̀ fi mọ iye tó tọ́ sí i, hẹ́kítà tó wà lọ́wọ́ ìjọ ti lé ní 2,500.

Láti 1986 ni Ìsìn Ẹ̀mí Mímọ́ ti ń wáyé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀ rí, bó ṣe máa ń rí nìyí. Láti ọ̀sán ni dánfó ti ń pe "Kám̀pù! Kám̀pù!" ní Ọ̀jọ́ta àti ní Bẹ́gà. Àwọn ìyá á di ẹní àti ìbora mọ́ àpò, fíláàsì tíì á wà lọ́wọ́ kan, ìgò òróró á wà lọ́wọ́ kejì. Àwọn tó tètè dé á tẹ́ ẹní sáàárín àga láti fi gbàyè sílẹ̀ fún ará ilé tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Tó bá di aago méjì òru, ọmọdé á ti sùn lọ sábẹ́ àga, orin á sì máa lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn oníbúrẹ́dì àti ẹlẹ́wà ti tò sí ẹnu géètì. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ máa ń fìyà jẹ arìnrìn-àjò tí ọ̀rọ̀ ìsìn kò kàn; ẹ̀dùn ọkàn wọn tọ́, ìjọ náà kò sì lè sọ pé òun kò gbọ́.

Bí èrò ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń kọ́ òrùlé tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, títí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èyí tí yóò jẹ́ kìlómítà mẹ́ta níbùú, mẹ́ta lóòró. Wọ́n la títì, wọ́n fa omi, wọ́n kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tí ọmọ ìjọ ń rà, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ amúnáwá onígáàsì tó ń pèsè mẹ̀gáwọ́ọ̀tì 25 kalẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí gbogbo ilé ti ń da epo sínú jẹnẹrétọ̀, ibùdó àdúrà ní iná ju ọ̀pọ̀ olú-ìlú ìpínlẹ̀ lọ. Ó yẹ kí ìtìjú bá àwọn tó ń gba owó orí lọ́wọ́ wa.

Ìpinnu mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Ní 1988, Adébóyè dá oríṣi ẹ̀ka tuntun sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn níbẹ̀, jìtá àti ìlù wà, wọ́n sì ń háyà gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé sinimá. Àwọn àgbà ìjọ tó ti fi ìgbésí ayé wọn sá fún irú ibi bẹ́ẹ̀ kò lè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Adébóyè kò pa ti àtijọ́ run, kò sì fi dandan mú ti tuntun bá wọn. Ó jẹ́ kí méjèèjì máa lọ lábẹ́ òrùlé kan náà. Àwọn ọmọ ẹ̀ka tuntun yìí, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì, dókítà àti ẹnjiníà, ló kó ìjọ lọ sókè òkun nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé Nàìjíríà dẹnu kọlẹ̀.

Detroit ni ẹ̀ka àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀, ní 1992. Èrò ìjọ náà ni pé kí ẹ̀ka wà ní ìwọ̀n ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí ara wọn nílẹ̀ tó ń gòkè àgbà, kí ó sì jẹ́ ìwọ̀n ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú mọ́tò nílẹ̀ tó ti gòkè. Owó oṣù kò lè kárí irú ètò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ni ọ̀pọ̀ pásítọ̀ ibẹ̀ ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ òru mọ́jú ọjọ́ Sátidé ló ń gbé máíkì lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni mo ń kan sáárá sí. Orúkọ wọn kò ní wọ ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ọrẹ wọn ló ra ilẹ̀ Floyd.

Ìdí tí wọ́n fi yan ibẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ilẹ̀ pọ̀, kò sì wọ́n bíi ti ìgboro. Pápákọ̀ òfuurufú Dallas wà láàárín orílẹ̀-èdè náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ ní Texas ju ìpínlẹ̀ mìíràn lọ ní Amẹ́ríkà. Ohun tí kò yẹ kí á gbàgbé ni irú àdúgbò tó jẹ́. Ní 1921, wọ́n gbé pátákó ńlá kan kọ́ sí òpópónà ní Greenville láti fi kí àlejò káàbọ̀. Ó sọ pé ilẹ̀ àwọn ló dúdú jù, èèyàn àwọn ló sì funfun jù. Pátákó yẹn wà lókè títí wọ inú ọdún 1960 sí 1969. Ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń fi yangàn yẹn ni ilẹ̀ òwú. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ ní Floyd kò ja ẹnikẹ́ni níjà. Wọ́n san owó, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló yọrí. Ìjọ náà fẹ́ kí àwọn ọmọ bíbí Amẹ́ríkà wọlé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Nàìjíríà, pàápàá Yorùbá, ló ṣì kún inú gbọ̀ngàn náà. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́hùn-ún ń dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí ara wọn nínú orin tí ìyá wọn ń kọ. Bí Bàbá Adébóyè ṣe wá oríṣi ẹ̀ka tuntun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde Èkó ní 1988, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ yìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àga yóò dá wà.

Ọ̀rọ̀ àrólé náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kìíní 2017, ìlànà ìjọba àpapọ̀ kan sọ pé kí olórí ìjọ tó bá ti lo ogún ọdún lórí oyè kúrò níbẹ̀. Adébóyè kéde Pásítọ̀ Ọbáyẹmí gẹ́gẹ́ bí alábòójútó fún Nàìjíríà, òun fúnra rẹ̀ sì wà nípò Alábòójútó Àgbà fún gbogbo ayé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba yọ ọ̀gá àjọ tó gbé ìlànà náà kalẹ̀, wọ́n sì dá ìlànà ọ̀hún dúró. Síbẹ̀, ìjọ kò pa ipò tuntun náà rẹ́. Sunday Akande ló gba ipò náà lẹ́yìn Ọbáyẹmí. Bàbá Adébóyè pé ọgọ́rin ọdún ní 2022. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, ìjọ Rídíìmù kò tíì kéde ẹni tí yóò jẹ́ Alábòójútó Àgbà kẹta.