Àkáǹtì Inú Fóònù àti Kọ́kọ́rọ́ Rẹ̀

Láyé àtijọ́, oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn baba wa ń gbà tọ́jú owó. Ẹlòmíràn a kó o sínú ìkòkò, a rì í mọ́ ilẹ̀ yàrá. Ẹlòmíràn a kó o sínú kóló. Ẹlòmíràn a máa dá a fún alájọ lójoojúmọ́, bí oṣù bá sì parí, a gba owó rẹ̀. Ọ̀nà wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ewu tirẹ̀. Ikán lè jẹ owó inú ilẹ̀. Iná lè jó ilé. Alájọ lè gbé owó olówó sá lọ.

Lóde òní, báńkì ti wọ inú fóònù. Èèyàn lè jókòó nídìí ọjà rẹ̀ kí ó ṣí àkáǹtì ìfowópamọ́, láì tò sí ẹnu ọ̀nà báńkì. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ṣe ń ṣí àkáǹtì nìkan ni ó yẹ kí á mọ̀. Ó yẹ kí á mọ irú ẹ̀ṣọ́ tí báńkì kọ̀ọ̀kan yàn láti máa ṣọ́ owó wa.

Ìyá aláta àti fóònù rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á fi ìyá kan tí ń ta ata ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá yìí ní àkáǹtì nínú fóònù, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé kà. Nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, ọmọ àdúgbò ni ó máa ń pè.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, wá bá mi fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó ata wá fún mi."

"Ẹ gbé e wá, mà. Kí ni PIN yín?"

Ìyá á sọ nọ́ńbà àṣírí náà sókè, létí ọmọ yìí àti létí gbogbo àwọn tó dúró nídìí àtẹ. Bí ó bá ṣe tán, á gbé fóònù sílẹ̀ lórí àtẹ, á máa ta ọjà rẹ̀ lọ.

Ìyá náà ti fi ₦180,000 pamọ́, kí ọmọ rẹ̀ obìnrin lè fi wọ ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Nígbà tí àkókò tó, ó lọ sí báńkì láti gba owó. Ohun tí ó bá níbẹ̀ kò ju ₦41,000 lọ. Ẹnì kan ti ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: ₦3,000 lónìí, ₦5,000 lọ́tùn-únla. Gbogbo ìgbà tí owó ń jáde ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kà á?

Ọmọ náà kò lọ sí ilé ìwé lọ́dún náà.

Ẹ kíyè sí i: kò sí olè tó já ilẹ̀kùn báńkì. Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tó ni owó ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Lẹ́yìn èyí, ìyá aláta lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà. Nígbà tí ó mọ ìwé kà, ó tún àkáǹtì mìíràn ṣí, fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo bí ó ṣe ṣe é.

Ohun tí ẹ óò pèsè

Ohun mẹ́ta ni ẹ óò ní lọ́wọ́.

Èkíní ni fóònù tó ní íntánẹ́ẹ̀tì, àti síìmù tí ó wà ní orúkọ ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ má ṣe lo síìmù ẹlòmíràn, nítorí nọ́ńbà yìí ni báńkì yóò máa fi ọ̀rọ̀ àṣírí ránṣẹ́ sí.

Èkejì ni BVN. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí a ń pè ní CBN, pẹ̀lú àwọn báńkì yòókù, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní ọdún 2014. Nọ́ńbà náà jẹ́ ẹyọ 11. Kí báńkì tó fún ènìyàn, wọ́n á gba àmì ìka ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á sì ya àwòrán ojú rẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹnì kan ń ní, bí ó tilẹ̀ ní àkáǹtì ní báńkì mẹ́wàá. Bí ẹ bá ti gbàgbé tiyín, ẹ tẹ *565*0# lórí síìmù tí ẹ fi gba BVN.

Ẹ̀kẹta ni NIN, nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà mọ̀. Òun náà jẹ́ ẹyọ 11. Ẹ lè tẹ *346# láti wò ó.

Má ṣe rò pé báńkì kàn fẹ́ yọ ènìyàn lẹ́nu ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, CBN pàṣẹ pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2024, kí gbogbo báńkì ti àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN pa. Ìdí rẹ̀ ni kí olè má baà fi orúkọ tí kò sí láyé gba owó olówó.

Bí a ṣe ń ṣí àkáǹtì náà

1. Ẹ gba ápù báńkì náà sórí fóònù yín láti ibi tí a ti ń gba ápù, bíi Play Store. Ẹ ka orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí ayédèrú wà. Ẹ má ṣe gba ápù láti inú àtẹ̀jíṣẹ́ tí àjèjì fi ránṣẹ́.

2. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí i. Báńkì yóò fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́, tí a kì í lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. OTP ni wọ́n ń pè é. Ẹ kọ ọ́ sí àyè rẹ̀. Báyìí ni báńkì ṣe ń mọ̀ pé síìmù náà wà lọ́wọ́ yín.

3. Ẹ kọ BVN tàbí NIN yín, bí wọ́n bá ṣe béèrè. Ẹ ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí tí ó bá jáde. Bí lẹ́tà inú BVN bá yàtọ̀ sí ti NIN, báńkì lè dá yín dúró títí ẹ óò fi tún un ṣe.

4. Ẹ gbé fóònù síwájú ojú yín. Ápù lè ní kí ẹ ṣẹ́jú, tàbí kí ẹ yí orí. Kì í ṣe eré. Wọ́n fẹ́ mọ̀ pé ènìyàn ààyè ló wà níbẹ̀, pé kì í ṣe fọ́tò yín ni ẹnì kan gbé dání.

5. Ẹ yan ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ óò máa fi wọ inú ápù, àti PIN tí ẹ óò máa fi rán owó. Ẹ má ṣe lo 1234. Ẹ má ṣe lo ọdún tí a bí yín.

6. Nọ́ńbà àkáǹtì yín yóò jáde. Ẹyọ 10 ni. Ẹ kọ́kọ́ fi owó díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá rí i pé ó wọlé, tí àtẹ̀jíṣẹ́ sì dé, ẹ lè wá fi púpọ̀ sí i.

Ohun kan tún kù. Láti ọdún 2013 ni CBN ti pín àkáǹtì sí ìpele mẹ́ta. Ẹni tí ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ yóò wà ní ìpele kìíní, òpin sì wà lórí iye owó tí ó lè kó síbẹ̀ àti iye tí ó lè rán jáde lójúmọ́. Bí ó bá mú ìwé sí i, bí ẹ̀rí ibi tí ó ń gbé, ìpele rẹ̀ yóò gòkè. Ẹ bèèrè ìpele tí ẹ wà kí ẹ tó kó owó ilé ìwé ọmọ tàbí owó ilẹ̀ síbẹ̀.

Oríṣi ẹ̀ṣọ́ mẹ́ta

Ẹ̀ṣọ́ tí báńkì ń lò pọ̀, ṣùgbọ́n a lè pín wọn sí mẹ́ta.

Ẹ̀ṣọ́ kìíní ni ohun tí a mọ̀ sínú: PIN àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ọwọ́ wa nígbà tí a ń tẹ̀ ẹ́ ti mọ̀ ọ́n náà nìyẹn.

Ẹ̀ṣọ́ kejì ni ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa: síìmù tí OTP ń wọlé sí, fóònù fúnra rẹ̀, tàbí ẹ̀rọ kékeré tí àwọn báńkì kan ń fúnni, tí nọ́ńbà ń jáde lójú rẹ̀. Tókìn ni wọ́n ń pè é. Ó dára ju PIN nìkan lọ. Ṣùgbọ́n bí olè bá jí fóònù tí a kò tì, OTP náà yóò wọlé sí ọwọ́ olè.

Ẹ̀ṣọ́ kẹta ni ohun tí ó wà lára wa: ìka àti ojú. Èyí kò ṣe é gbàgbé, kò sì ṣe é sọ sókè lọ́jà. Síbẹ̀, bí a bá gba ọmọ ẹlòmíràn láyè láti fi ìka tirẹ̀ sí fóònù wa, a ti sọ ọ́ di onílé.

Ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo kò tó. Báńkì tí ó ń lo méjì pọ̀, tàbí mẹ́ta, ni ó ń ṣọ́ owó dáadáa.

Bí a ṣe ń fi báńkì kan wé òmíràn

Ìyá aláta kò yan báńkì nítorí ìpolówó. Ìbéèrè márùn-ún ni ó kọ sínú ìwé rẹ̀, ó sì bi báńkì méjì:

Bí mo bá gbé ápù yín sórí fóònù tuntun, kí ni ẹ óò béèrè lọ́wọ́ mi?

Bí owó tí mò ń rán bá pọ̀, kí ni ẹ óò tún béèrè lẹ́yìn PIN?

Ṣé èmi fúnra mi lè fi òpin sí iye tí ó lè jáde lójúmọ́?

Ṣé ẹ óò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí owó bá jáde? Èló ni ẹ ń gbà fún un?

Bí wọ́n bá jí fóònù mi lóru, báwo ni mo ṣe lè ti àkáǹtì mi pa kí ilẹ̀ tó mọ́?

Báńkì kìíní ní PIN nìkan ti tó, àní lórí fóònù tuntun. Báńkì kejì ní àwọn yóò tún wo ojú rẹ̀, àti pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ lórí fóònù tuntun, owó díẹ̀ ni yóò lè jáde. Wọ́n tún fún un ní nọ́ńbà tí ó lè pè tọ̀sán-tòru. Ti báńkì kìíní yá jù. Ṣùgbọ́n ti báńkì kejì ni ìyá mú. Ó ní, "Ilẹ̀kùn tó bá dá èmi onílé dúró díẹ̀, á dá olè dúró pẹ́."

Nígbà tí gbájúẹ̀ pè

Lọ́jọ́ kan, fóònù ìyá dún.

"Ẹ kú ọjà o, Màmá. Láti báńkì yín ni mo ti ń pè. Wọ́n fẹ́ ti BVN yín pa."

"Ha! Kí ni kí n wá ṣe, ọmọ mi?"

"Kò le rárá, mà. Nọ́ńbà kan máa wọlé sórí fóònù yín báyìí. Ẹ ṣáà kà á sí mi létí."

Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé lóòótọ́. Ìyá mú gíláàsì rẹ̀, ó rọra kà á. Lábẹ́ nọ́ńbà náà, wọ́n kọ ọ́ pé: Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà yìí han ẹnikẹ́ni, bó ṣe òṣìṣẹ́ báńkì.

"Màmá, ṣé ẹ ti rí i?"

"Mo ti rí i, mo sì ti kà á. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kí n má sọ ọ́ fún ọ."

Ó pa fóònù. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Bí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀

Bí owó bá jáde tí ẹ kò mọ̀ sí i, ẹ má ṣe jókòó máa sunkún. Ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n ti àkáǹtì pa. Ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ni síìmù, kí wọ́n tì í pa pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ẹ̀sùn yín sínú ìwé: ọjọ́, aago àti iye owó. Bí báńkì kò bá dá yín lóhùn, ẹ lè kọ̀wé sí CBN.

Bí báńkì fúnra rẹ̀ bá wó ńkọ́? Ìjọba ti dá àjọ kan sílẹ̀ nítorí èyí, NDIC ni orúkọ rẹ̀. Láti ọdún 2024, ẹni tó ní owó ní báńkì ńlá tó bá wó yóò gbà tó ₦5,000,000 lọ́wọ́ NDIC. Ti báńkì kéékèèké tí a ń pè ní máíkírófáínáǹsì jẹ́ ₦2,000,000. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2024, CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank. NDIC fi BVN wá àkáǹtì mìíràn tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní, wọ́n sì san owó wọn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí: nítorí báńkì tó wó ni NDIC ṣe wà. Kì í san owó tí gbájúẹ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó sọ PIN rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bèèrè bóyá báńkì tí ẹ fẹ́ wà lábẹ́ NDIC, kí ẹ sì pa ẹnu yín mọ́ lórí PIN.

Ìyá aláta ti bẹ̀rẹ̀ sí fi owó pamọ́ padà. Ní alaalẹ́, ó ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì rẹ̀ kí ó tó sùn. Kò pe ọmọ àdúgbò mọ́.

Ìbéèrè

1. Ta ni ó ni ẹ̀bi owó tí ìyá aláta pàdánù? Kí ni ìdí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀?
2. Ẹyọ mélòó ni BVN? Ẹyọ mélòó ni nọ́ńbà àkáǹtì?
3. Kí ni ìdí tí ápù fi ń sọ pé kí a ṣẹ́jú?
4. Ka àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì kan lórí fóònù rẹ. Èló ló wọlé? Èló ló jáde?