Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Nínú Oko Ọ̀pẹ

Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí lórí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè. Níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń da ọ̀pẹ tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn pọ̀ mọ́ èyí tí èkùrọ́ rẹ̀ kò ní èèpo. Ọmọ tí wọ́n bí a máa ní èèpo fẹ́lẹ́ àti epo púpọ̀.

Ìwádìí kì í ṣe iṣẹ́ àgbà onímọ̀ nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá lisáǹsì, ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní yunifásítì, náà ń ṣe é. Ní Sakété, Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú irè oko. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó parí ẹ̀kọ́, yóò jáde lọ kọ́ṣẹ́, yóò sì kọ ohun tó rí sílẹ̀.

Ìbéèrè ni ìwádìí rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìdì ẹyìn mélòó ni a gé? Báwo ni epo tí àwọn ìyá rí ṣe pọ̀ tó? Bí àgbẹ̀ bá rò pé agbowó-orí ló dé, tó pe ogún ìdì ní márùn-ún, irọ́ ni yóò wọnú ìwé. Ìmọ̀ràn tó bá ti ibẹ̀ jáde kò ní ṣe àgbẹ̀ náà láǹfààní.

Ẹni tó ti mọ̀wé kọ lè máa kọ iye ìdì rẹ̀ sílẹ̀ lóṣooṣù. Ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wí pé: “Ọmọ mi, bí o bá parí, padà wá ka èsì rẹ̀ fún wa.” Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.