Omi Ọ̀sà Tó Mọ́ Lójú, Ṣé Ó Mọ́ Nínú?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ti gba orí afárá Third Mainland kọjá ní Èkó ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ẹ ó ti rí i bí ọ̀sà ṣe ń dán lábẹ́ oòrùn, tí àwọn apẹja ń ju àwọ̀n. Ó dùn ún wò! Ṣùgbọ́n ojú nìkan kò lè sọ òtítọ́ omi fún wa. Ẹja àti akàn tí à ń sè fún ìdílé wa, omi tí àwọn ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, ǹjẹ́ a mọ ohun tó wà nínú wọn?

Ibo ni ìdọ̀tí ti ń wá?

Ọ̀sà Èkó kò jìn rárá ní ibi púpọ̀. Odò Ògùn ń ṣàn wọ inú rẹ̀, àwọn gọ́tà ìlú náà ń ṣàn wọ inú rẹ̀, ẹnu èbúté Èkó nìkan ló sì ń gbà já sí òkun. Nítorí náà, ohun tó bá wọlé kì í tètè jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń da ìgbẹ́ ìlú sínú ọ̀sà ní Ìdó. Ní Òkóbàbá, ní Èbúté Mẹ́ta, ìyẹ̀ tó ń jáde lára igi tí wọ́n ń là kún etí omi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ fi omi ọṣẹ, ọ́ìlì dúdú àwọn mẹkáníìkì àti ọ̀rá kún un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wádìí omi?

Àwọn olùwádìí Yunifásítì Èkó, tó wà létí ọ̀sà ní Akoka, àti ti iléeṣẹ́ ìwádìí òkun tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1975, ti ń yẹ omi yìí wò láti ìgbà pípẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà mẹ́ta tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ máa ń gbà.

Èkíní, wọ́n á fi okùn sọ àwo pẹrẹsẹ kan kalẹ̀ sínú omi títí ojú kò fi ní rí i mọ́. Àlùfáà ará Ítálì kan, Angelo Secchi, ló dán èyí wò ní 1865. Bí àwo bá tètè pòórá, a jẹ́ pé omi ti dàrú.

Èkejì ni ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi. Bí kò bá tó mílígíráàmù 2 nínú lítà kan, ọ̀pọ̀ ẹja á sá lọ, tàbí kí wọ́n kú. Kí ló ń gbé e lọ? Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń jẹ ìgbẹ́ àti ìyẹ̀ igi ni wọ́n ń mí in tán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bu omi sínú ìgò, tí wọ́n á gbé e sínú òkùnkùn fún ọjọ́ 5, kí wọ́n lè mọ iye ọ́síjìn tó lọ.

Ẹ̀kẹta ni kòkòrò inú ìgbẹ́. Wọ́n á sẹ́ omi mílílítà 100, wọ́n á fi ohun tó kù lórí asẹ́ sínú ooru sẹ́ńtígíréèdì 44.5, wọ́n á sì ka àmì tó hù ní ọjọ́ kejì. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nínú omi mímu, ẹyọ kan péré kò gbọdọ̀ sí. Ẹlẹ́rìí ni kòkòrò yìí: níbi tí a bá ti rí i, ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀, táífọ́ọ̀dù tàbí onígbáméjì sì lè tẹ̀lé e.

Ọjọ́ kan kò tó fún iṣẹ́ yìí. Ní ìgbà òjò, omi odò á lé omi iyọ̀ sẹ́yìn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ á padà wọlé. Nítorí náà, wọ́n ní láti máa padà lọ sí ojú ibi kan náà léraléra.

Ewéko tó gba ojú omi

Ní 1984, ewéko kan tó ń tan òdòdó àwọ̀ àlùkò gba ọ̀nà Àgbádárìgì wọlé láti ilẹ̀ Benin. Kì í ṣe ojúoró tí àwọn baba wa mọ̀. Ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń ya àwọ̀n apẹja. Ìdọ̀tí inú omi jẹ́ ajílẹ̀ fún un.

Kí ni kí a ṣe?

Ẹ̀yin ìyá, ẹ se ẹja àti akàn jinná dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé iná ń pa kòkòrò ni. Kì í lé òjé tàbí májèlé ọ́ìlì jáde. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ lúwẹ̀ẹ́ nítòsí ẹnu gọ́tà, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ̀yin bàbá, bí ẹ bá pe ọkọ̀ tó ń fa ṣalángá, ẹ bi awakọ̀ léèrè: níbo ló ń dà á sí? Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má da ọ́ìlì tàbí ọ̀rá sí gọ́tà.

Ọwọ́ wa ló ń dà á síta, ẹnu wa ló sì ń gbà á padà. Ẹlẹ́dàá fi ọ̀sà yìí jíǹkí wa kí ó lè bọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu gọ́tà ilé tiwa.