Bí Àtẹ́lẹsẹ̀ Bá Ń Jó, Tí Ìrìn Kò Sì Dúró Mọ́: Ìwé Ìlàlóye fún Àwọn Ará Ayépé

Àìsàn kan wà tí ọ̀pọ̀ dókítà lágbàáyé kò fojú rí rí, àmọ́ kò ṣàjèjì sí agbègbè wa. Tropical Ataxic Neuropathy ni wọ́n ń pè é, TAN ní kúkúrú. Láti ọdún 1969 ni ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun ti Ìbàdàn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn pé ó wọ́pọ̀ ní Ọ̀sọ́sà, tí àwa àtiwọn jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú. Ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2000 rí i lára ènìyàn 206 nínú 3,428 tí wọ́n yẹ̀ wò níbẹ̀. Obìnrin ló pọ̀ jù. Nínú ìyá mẹ́rin tó wà láàárín ọmọ ọdún 60 sí 69, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó ń ṣe ẹnì kan.

Àtẹ́lẹsẹ̀ á máa jó, tàbí kó dà bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Tó bá yá, àtẹ́lẹsẹ̀ náà á kú. Onítọ̀hún kò ní mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ mọ́, pàápàá nínú òkùnkùn, á sì máa ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n. Ojú lè ṣe bàìbàì, etí lè di. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń sọ pé ara àgbà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àwọn àgbà náà wá sí ilé ìwòsàn wa ná. Àtọ̀gbẹ àti àìtó fítámì B12 lè fara jọ ọ́, àwọn yẹn sì gbóògùn. Bí ọ̀rọ̀ bá jù wá lọ, a ó kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Ṣágámù.

Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń fura sí májèlé sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́, àmọ́ àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e ní Ọ̀sọ́sà kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ pa gàrí tì. Èyí tó kan dáadáa, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù kí wọ́n tó yan án, májèlé rẹ̀ ti dín kù gan-an. Àwọn arúgbó tó ń mu gàrí láàárọ̀ àti lálẹ́ láìsí ẹja, ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ ló ń kọ wá lóminú. Àìsàn yìí kì í ràn, kì í sì í ṣe èpè.

Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó sàn. Wọ́n ti dán abẹ́rẹ́ B12 wò láyé Osuntokun, kò ṣiṣẹ́. Ẹ má tìtorí abẹ́rẹ́ jẹ gbèsè.

Ìtọ́jú inú ilé ló ṣe pàtàkì jù. Ẹsẹ̀ tó ti kú kò mọ iná, kò mọ ìṣó. Ẹ fi ìgúnpá yín wo omi gbígbóná kí Ìyá tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Lálaalẹ́, ẹ tan iná wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn àti àárín ọmọ ìka; egbò kékeré tí kò dunni ló ń di ńlá. Ẹ ra bàtà tó bo ẹsẹ̀, tí kò fún. Ẹ fi iná sílẹ̀ lóru lọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ ká ẹní tó lè gbé wọn ṣubú. Bí etí wọn bá ti di, ẹ dúró níwájú wọn kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ má pariwo mọ́ wọn.

Oògùn wà tó ń dín jíjó ẹsẹ̀ kù, tí wọ́n á fi rí oorun sùn. Dókítà ló ń kọ ọ́. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kó gbogbo oògùn àti àgbo tí wọ́n ń lò dání. A kò ní bá ẹnikẹ́ni wí.