Ilé Ọmọ-Ọba Eugene ní Vienna

Ní àárín gbùngbùn Vienna, tí í ṣe olú-ìlú ilẹ̀ Ọ́stríà, òpópó tóóró kan wà tí a ń pè ní Himmelpfortgasse, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe Òpópó Ẹnubodè Ọ̀run. Níbẹ̀ ni ilé àwòṣífìlà kan wà tí a kọ́ ní àrà Bàrókì. Àrà yìí gbòde ní Yúróòpù láti nǹkan bí ọdún 1600 títí dé 1750. Ère, ọnà wúrà àti àwòrán òkè àjà ni àwọn ọ̀mọ̀lé fi ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ọmọ-ọba Eugene ti ìdílé Savoy ni ó kọ́ ilé náà. Párísì ni a bí i sí ní ọdún 1663. Nígbà tí ó dàgbà, ó bẹ Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, pé kí ó fún òun ní ipò láàárín àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ṣùgbọ́n ọba kọ̀ jálẹ̀. Ní ọdún 1683, Eugene sá lọ bá Olú-ọba Leopold ní Ọ́stríà, nígbà tí ogun Tọ́kì dó ti Vienna. Àlejò tí kò ní ilé ní ìlú náà ni ó wá di balógun ńlá. Ní ọdún 1697 ó ṣẹ́gun àwọn ará Tọ́kì ní Zenta, òkìkí rẹ̀ sì kàn ká.

Ọ̀mọ̀lé Fischer von Erlach ni ó bẹ̀rẹ̀ ilé náà. Lukas von Hildebrandt ni ó gbà á ṣe lẹ́yìn rẹ̀, tí ó sì fẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún àti sí òsì. Nítorí pé òpópó náà há, ẹni tí ó dúró lóde kò lè fi ojú kan ká gbogbo ilé náà. Inú ilé ni ẹwà pọ̀ sí: lẹ́bàá àtẹ̀gùn, àwọn ère ọkùnrin sígbọnlẹ̀ fi èjìká gbé òkè ró, bí alárù tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Eugene kò gbé ìyàwó, kò bímọ, kò sì kọ ìwé ìhágún. Nígbà tí ó kú sínú ilé yìí ní oṣù Kẹrin ọdún 1736, Victoria, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni ó jogún gbogbo rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á. Ní ọdún 1738 ó ta àwọn ìwé Eugene fún Olú-ọba Charles Kẹfà. Ilé ìkàwé ìjọba Ọ́stríà ni wọ́n wà di òní.

Ní ọdún 1752 Ọbabìnrin Maria Theresa ra ilé náà, ó sì di ilé iṣẹ́ ìjọba. Láti ọdún 1848 ni àwọn alábòójútó ìṣúra ìlú ti fi í ṣe ọ́fíìsì. Láàárín ọdún 2013 sí 2017, a ń ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà nínú àwọn gbọ̀ngàn rẹ̀. Bí Eugene kò tilẹ̀ ní àrólé, ilé rẹ̀ kò di ahoro: àtẹ̀gùn tí balógun ń gùn ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gùn lónìí.