Omi Òjò ní Aginjù Jùdíà

Ẹni tí ó bá dúró ní ahoro Kúmúránì, létí Òkun Iyọ̀, tí ó gbójú sókè sí ìwọ̀-oòrùn, yóò rí ògiri àpáta gíga kan tí omi ti gé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ inú ọdún, kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàrin oṣù Ọ́kítóbà sí oṣù Mèéì, ọjọ́ díẹ̀ ń bẹ tí omi ńlá ń já bọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ariwo, àwọn ènìyàn a sì máa ti ọ̀nà jíjìn wá láti gòkè lọ wò ó.

Ọ̀nà ẹsẹ̀ náà ń bá ojú omi àtijọ́ kan lọ. Àwọn tí ń gbé Kúmúránì, kí àwọn ará Róòmù tó pa ibẹ̀ run ní ọdún 68 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Wọ́n gé e lára àpáta, wọ́n sì lu òkè já ní ibì kan, kí omi ọjọ́ díẹ̀ wọ̀nyí lè ṣàn dé inú àwọn kòtò tí wọ́n ti rẹ́. Omi yìí ni wọ́n ń mu, òun ni wọ́n sì fi ń wẹ̀, títí òjò mìíràn yóò fi rọ̀.

Òjò tí ó mú omi náà wá kì í sábà rọ̀ níbi tí omi ti ń já bọ́. Ìkùukùu láti Òkun Ńlá a máa da òjò sílẹ̀ lórí òkè Jerúsálẹ́mù, tí ó ga tó nǹkan bí 800 mítà; òjò ibẹ̀ ju 500 mìlímítà lọ lọ́dún. Láti ibẹ̀ ilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé Òkun Iyọ̀, tí ó fi ohun tí ó ju 430 mítà rẹlẹ̀ sí ojú òkun. Bí afẹ́fẹ́ ti ń sọ̀kalẹ̀ ni ó ń gbóná, ìkùukùu a sì túká. Òjò etí òkun náà kò pé 100 mìlímítà. Ilẹ̀ aginjù kò sì ní ewéko tí yóò dá omi dúró. Ẹ̀kán òjò a na ojú rẹ̀ títí yóò fi dì, omi a sì máa yọ̀ lọ lórí rẹ̀ bí ẹni pé orí páànù ni ó rọ̀ sí.

Irú odò yìí ni Jóòbù fi àwọn ọ̀rẹ́ tí ó já a kulẹ̀ wé, ní orí kẹfà ìwé rẹ̀. Ti Ẹ́ńgédì, níbi tí Dáfídì sá pamọ́ sí fún Sọ́ọ̀lù, yàtọ̀: ìsun abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń bọ́ ọ, kì í sì í gbẹ.

Níhìn-ín ni ewu wà. Oòrùn lè máa ràn ní àfonífojì, kí ìkún omi láti òkè sì dé láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti òkúta. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ápírì 2018, ọ̀dọ́ mẹ́wàá kú bẹ́ẹ̀ ní àfonífojì Tzafit, ní gúúsù Òkun Iyọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti kéde ìkìlọ̀ ṣáájú. Ní oṣù Ọ́kítóbà ọdún kan náà, ní ìhà Jọ́dánì, ó ju ogún ènìyàn tí ìkún omi gbé lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ìwé. Ẹni tí ń ṣamọ̀nà ọmọdé ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fetí sí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́n a dúró kí òjò òkè kọjá, a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣọ́ ibẹ̀ kí ó tó lọ. Orí ilẹ̀ gíga ni ó ti ń wò ó, kì í ṣe inú ọ̀nà omi. Bí omi bá pọ́n lójijì, tàbí bí ariwo bí ti ìjì bá ń bọ̀ láti òkè, kí ó fi ẹrù sílẹ̀, kí ó gun ẹ̀gbẹ́ òkè; kí ó má sáré tẹ̀lé ipa omi. Kí ó gbé omi mímu púpọ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú, nítorí òógùn a máa gbẹ lára kí ènìyàn tó mọ̀ pé òun ń làágùn.

Nígbà tí omi bá ti lọ, adágún kékeré a kù sí ẹsẹ̀ àpáta. Àwọn ewúrẹ́ òkè a máa sọ̀kalẹ̀ wá mu ún; wọ́n sì ń yàgbẹ́ sí etí rẹ̀, nítorí náà omi náà kò yẹ fún ènìyàn láìsè é.