TA NI YÓÒ WẸ ÒKÚ ỌMỌ WA NÍ LỌ́ŃDỌ̀N?

  Láti ìgbà tí mo ti dé ni àwọn jámáà ti ń bi mí pé, "Àfáà, kí ni ẹ rí mú bọ̀ láti ìlú òyìnbó?" Èmi kò mú owó bọ̀. Ìwé àṣẹ tí mo fi wọ Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 2024, ìwé àwọn tí ń ṣiṣẹ́ àánú ni. Kì í ju oṣù 12 lọ, kò sì sí owó oṣù nínú rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí tí ó pè mí fún mi ní yàrá, ó ń bọ́ mi, ó sì ń san owó bọ́ọ̀sì mi.

Ní ọjọ́ Sátidé mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú. Ní ọjọ́ Jímọ̀ a ń pín oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni tí ebi bá ń pa, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì. Ìwọ̀nyí kò ṣòro. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ ni ìwẹ̀ òkú, nítorí pé ó kan ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lọ́hùn-ún.

Níhìn-ín, bí ẹnì kan bá kú ní àárọ̀, kí a tó kí Àsárì a ti lè sin ín. Ti Lọ́ńdọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ó pa olóògbé sílẹ̀. Láti oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2024 sì ni dókítà mìíràn tí kò tọ́jú rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ yẹ ìwé náà wò. Lẹ́yìn èyí ni ẹbí yóò lọ bá akọ̀wé ìjọba, tí yóò fún wọn ní ìwé aláwọ̀ ewé tí a fi ń sìnkú. Bí ikú náà bá rú ni lójú, ó di ọwọ́ kọ́rónà, èyí nì adájọ́ tí ń wádìí ikú. Mo rí òkú tí ó lo ọjọ́ 9 nínú ilé òtútù. Bí ìwé bá wá jáde, ojú ẹsẹ̀ ni a ń wá ẹni tí yóò wẹ òkú. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ kò pọ̀, gbogbo wọn ni ó sì ní iṣẹ́ oòjọ́ tiwọn. Obìnrin ni ó ṣọ̀wọ́n jù. Nọ́ọ̀sì kan wà tí ń ti ibi iṣẹ́ òru wá wẹ òkú kí ó tó lọ sùn. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ Ummu Atiyya bí wọn yóò ti wẹ òkú ọmọ òun: ẹ̀ẹ̀mẹta, tàbí márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá rí i pé ó yẹ, kí káfúrà sì wà nínú omi ìkẹyìn.

Ní oṣù Nòfẹ́ńbà, ọmọ Ìbàdàn kan kú sí ọsibítù, ó fi ìyàwó àti ọmọ méjì sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ ní Gbági. Ìyàwó fẹ́ kí a sin ín síbẹ̀. Ìyá ní òkú ọmọ òun gbọ́dọ̀ wálé. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fa ọ̀rọ̀ náà lórí fóònù, àwọn ẹbí sì ti ń bú obìnrin náà pé ó ti di òyìnbó. Wọ́n wá gbé fóònù fún mi.

"Àfáà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sin ọmọ mi sí ilẹ̀ onílẹ̀."

Mo ṣàlàyé fún un. Kí òkú tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a gbọ́dọ̀ sọ fún kọ́rónà, ọjọ́ 4 ni a sì fi ń dúró de èsì. Wọn yóò fi oògùn sí òkú lára, wọn yóò gbé e sínú pósí tí a fi irin bò nínú, owó rẹ̀ yóò sì tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Sísin ín síbẹ̀ náà ń náwó, n kò purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n Ànábì ní kí a yára sin òkú. Ìyá dákẹ́ títí. Ó wá bi mí pé:

"Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, Ìyá, àti ẹni méjì."

"Ṣé Yorùbá ni wọ́n?"

"Rárá, Ìyá. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Sòmálíà tí ń wa bọ́ọ̀sì, èkejì jẹ́ ọmọ Bangladesh tí ń ta ẹran."

"Wọn kò mọ ọmọ mi rí?"

"Wọn kò mọ̀ ọ́n rí."

"Èló ni wọn yóò gbà?"

"Wọn kì í gba kọ́bọ̀."

Ó sunkún. Ó ní, "Ẹ fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́ o. Láti kékeré ni òtútù ti ń bá a jà."

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni a fi wẹ̀ ẹ́. A kírun sí i lára, a sì sin ín sí Brookwood, nítòsí Woking, níbi tí wọ́n ti ń sin Mùsùlùmí láti nǹkan bí 130 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ń pe ibẹ̀ ní ilẹ̀ onílẹ̀, kí ó gbọ́ pé ibẹ̀ ni Abdullah Quilliam wà láti ọdún 1932, agbẹjọ́rò ará Liverpool tí ó wá sí Èkó ní ọdún 1894 láti ṣojú Sọ̀tánì Tọ́kì níbi ṣíṣí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey. Ibẹ̀ náà ni Abdullah Yusuf Ali wà, ẹni tí ó túmọ̀ Al-Kùránì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ìwé rẹ̀ sì wà nílé ọ̀pọ̀ nínú yín. Ní oṣù Dìsẹ́ńbà 1953, ìta ni wọ́n ti rí arúgbó náà nínú òtútù ní Westminster, bí ẹni tí kò ní ará. Ó kú ní ọsibítù, àwọn aṣojú ìjọba Pakistan ni ó sì ṣètò ìsìnkú rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ mo ṣe àdúà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nísinsìnyí, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Àsárì, èmi àti ìyàwó mi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ rìnrìn-àjò ní ìwẹ̀ òkú ní mọ́ṣáláṣí wa, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. A kì í gba owó. Àwọn 11 ni ó ti wá, 7 nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ìyá tí ó wà ní Gbági ni ó fi ìgàn aṣọ funfun tí a fi ń kọ́ wọn ránṣẹ́.